Ìbò gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ́rìí: Ojúṣe Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nínú Ìforúkọsílẹ̀ àti Ìdìbò ní Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ojúṣe ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nínú ìforúkọsílẹ̀ àti ìdìbò ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ òde òní ni ó ti sọ pé ẹ̀rí jíjẹ́ ni ìbò dídì. Iṣẹ́ yìí tẹ̀ síwájú láti wo ohun tí òfin ìjẹ́rìí inú ìmọ̀ fiqh, pàápàá ní ọ̀nà Ìmáàmù Mālik tí ó gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó fi hàn pé ìforúkọsílẹ̀ dà bí gbígba ẹ̀rí sí ọrùn, ìdìbò sì dà bí jíjẹ́ ẹ̀rí náà. Ó fi hàn pẹ̀lú pé ẹni tí ó ta ìbò rẹ̀ ti ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, àti pé ẹni tí ó fi orúkọ ọmọdé sílẹ̀ ti gbé ẹlẹ́rìí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n jáde.

Ìfáárà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó pa á láṣẹ fún àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ láti dúró ṣinṣin lórí ẹ̀tọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Láàrin ọdún 1999 tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá sí ọdún 2023, ìdìbò gbogbogbòò méje ni ó wáyé ní Nàìjíríà. Ọmọ tí a bí ní ọdún 1999 ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tàbí mẹ́rìnlélógún ní ìdìbò ti 2023. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó kún ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-kéwú lónìí. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àáfà wọn bóyá ìbò dídì jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé lásán, tàbí ohun tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda, tàbí ẹ̀ṣẹ̀, tàbí ọ̀ranyàn. Èsì tí wọ́n ń gbà kò dọ́gba. Àáfà kan á ní kí wọ́n jáde, òmíràn á ní kí wọ́n jókòó sílé kí wọ́n máa ṣe àdúà, ẹlòmíràn á sì dákẹ́ nítorí ẹ̀rù kí wọ́n má ba à sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí òṣùwọ̀n ìmọ̀.

Ohun tí Àkọsílẹ̀ Ìdìbò Fi Hàn

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 77 àti 117, fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún, tí ó sì ń gbé ní Nàìjíríà ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò. Àtúnṣe òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 tún dín ọjọ́-orí àwọn tí ó lè díje kù. Fún ipò ààrẹ, ó wá láti 40 sí 35. Fún ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó wá láti 30 sí 25. Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn tí ó gba ẹnu rẹ̀ wọlé ni kò pọ̀ tó.

Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2019, orúkọ 84,004,084 ni ó wà nínú ìwé Àjọ Elétò Ìdìbò (INEC). Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní ibùdó ìdìbò kí wọ́n tó dìbò jẹ́ 29,364,209, èyí tí ó tó nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2023, orúkọ inú ìwé gòkè sí 93,469,008, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò wálẹ̀ sí 25,286,616, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni pé orúkọ fi ohun tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án lọ pọ̀ sí i, àwọn tí ó jáde sì fi ohun tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ dín kù.

Nínú orúkọ tí ó wà nínú ìwé ní 2023, 37,060,399 jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́-orí wọn wà láàrin 18 sí 34. Àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jẹ́ 26,027,481. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ọ̀dọ́ ni gbogbo ẹni tí ó jáde lọ́jọ́ náà, tí kò sí àgbà kankan láàrin wọn, orúkọ ọ̀dọ́ tí ó ju mílíọ̀nù mọ́kànlá lọ ni kò ní ẹni tí ó jẹ́ ẹ ní ibùdó ìdìbò. Káàdì ìdìbò alálòpẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ ni kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó wá gbà á.

Kò tọ́ kí a sọ pé ọ̀lẹ nìkan ni ó fa èyí. Orúkọ òkú ṣì wà nínú ìwé, àwọn kan ti kó kúrò ní ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ààbò sì mẹ́hẹ ní ibòmíràn. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo èyí kúrò, ohun tí ó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀ tó láti kọ àwọn onímímọ̀ lóminú.

Ìbò nínú Òṣùwọ̀n Ìjẹ́rìí

Muftí Muhammad Shafīʿ ti Pakistan (ó kú ní 1976) ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìbò pín sí ní ojú Ṣàríà. Ó jẹ́ ẹ̀rí (shahādah) pé ẹni tí a dìbò fún kún ojú òṣùwọ̀n. Ó jẹ́ ìṣìpẹ̀ (shafāʿah) fún un. Ó sì jẹ́ fífi í ṣe aṣojú (wakālah) lórí ẹ̀tọ́ gbogbo ìlú. Yūsuf al-Qaraḍāwī (ó kú ní 2022) náà ka ìbò sí ẹ̀rí. Sheikh Muhammad ibn Ṣāliḥ al-ʿUthaymīn ti Saudi Arabia (ó kú ní 2001), tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń tẹ̀lé ọ̀nà Salaf ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, rí i pé ó yẹ kí àwọn Mùsùlùmí dìbò fún ẹni tí wọ́n bá rí ire lára rẹ̀, kí àyè má baà ṣófo fún àwọn tí kò ní ire nínú.

Bí ìbò bá jẹ́ ẹ̀rí, òfin ẹ̀rí ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Nínú Suuratu Baqarah (2:282), Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn ẹlẹ́rìí láti kọ̀ nígbà tí a bá pè wọ́n. Āyah tí ó tẹ̀lé e sì jẹ́ kí ó yé ni pé ọkàn ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí pamọ́ jẹ́ ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀. Nínú Suuratu Nisāʾ (4:135), Ó pàṣẹ ìjẹ́rìí òdodo kódà bí ó bá tako ẹni fúnra rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fiqh pín ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sí ipele méjì. Èkíní ni gbígba ẹ̀rí sí ọrùn (taḥammul), èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn wà níbẹ̀ kí ó lè di ẹlẹ́rìí. Èkejì ni jíjẹ́ ẹ̀rí náà níwájú adájọ́ (adāʾ). Nínú Mukhtaṣar ti Khalīl ibn Isḥāq, ìwé tí wọ́n ti ń kà ní ilé-kéwú gíga láti Timbuktu dé Kano àti Ìlọrin, gbígba ẹ̀rí sí ọrùn níbi tí a bá ti nílò rẹ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn àpapọ̀ (farḍ kifāyah). Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di pé kí a jẹ́ ẹ, ó di ọ̀ranyàn lórí ẹni tí ẹ̀rí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti pè é kò bá jìnnà ju bí barīd méjì lọ. Barīd méjì yìí jẹ́ ìdajì ọ̀nà tí arìnrìn-àjò fi ń gé ìrun rẹ̀ kúrú.

Àfiwé ni ohun tí ó kàn yìí, kì í ṣe ohun tí gbogbo onímímọ̀ fi ẹnu kò lé lórí. Síbẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ mu. Ìforúkọsílẹ̀ dúró ní ipò taḥammul. Ọ̀ranyàn àpapọ̀ kì í sì í bọ́ lọ́rùn àwùjọ títí iye tí ó tó yóò fi dìde sí i. Ibi tí àwọn tí ó jáde bá ti jẹ́ ìdá mẹ́rin àwọn tí ó yẹ kí ó jáde, ó ṣòro láti sọ pé ó ti tó. Ìdìbò fúnra rẹ̀ dúró ní ipò adāʾ. Nítorí náà, ojúṣe ọ̀dọ́ tí káàdì rẹ̀ wà nínú àpótí le ju ti ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti pè é.

Ọ̀rọ̀ barīd méjì pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ nínú. Fún ìdìbò 2023, àjọ tí ó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì (NUC) pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ láti 22 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí àyè dìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ nílùú rẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì ti padà sílé, di ẹni tí ọ̀nà jìn fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní àwáwí lọ́jọ́ ìdìbò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ti ronú kí ọjọ́ náà tó dé. INEC fi àyè sílẹ̀ láti gbé orúkọ láti ibùdó kan lọ sí òmíràn. Ibi tí ọ̀dọ́ mọ̀ pé òun yóò wà ni kí ó forúkọ sí.

Ipò Ọ̀dọ́ àti Ìwé Orúkọ nínú Ìtàn Ìsìláàmù

Àwọn kan rò pé kíkọ orúkọ sílẹ̀ fún ètò ìlú jẹ́ ohun àjèjì sí ẹ̀sìn. Al-Bukhārī gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ḥudhayfah pé Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti gba Ìsìláàmù, wọ́n sì kọ orúkọ ọkùnrin ẹgbẹ̀rún kan ati ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní ìgbà ìjọba ʿUmar, ó dá ìwé orúkọ (dīwān) sílẹ̀ fún pínpín owó ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ètò yìí ti wà lọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà ṣáájú. Ibi tí ètò ti wá kò dí ʿUmar lọ́wọ́ láti lò ó. Ohun tí ó wò ni àǹfààní rẹ̀ àti pé kò tako ẹ̀sìn.

Ní ti yíyan aṣojú, ní májẹ̀mú ʿAqabah kejì, Ànábì ní kí àwọn ará Madīnah fúnra wọn mú ènìyàn méjìlá jáde láàrin ara wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n gún ʿUmar ní ọ̀bẹ ní ọdún 23 Hijrah (644), ó fi ọ̀rọ̀ arọ́pò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́fà. ʿAbdur-Raḥmān ibn ʿAwf, ọ̀kan nínú wọn, ni ó lọ káàkiri láti gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn kí wọ́n tó fi ʿUthmān jẹ. Ibn Kathīr ṣàlàyé nínú al-Bidāyah wan-Nihāyah pé ó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin nínú ilé wọn, lọ́wọ́ àwọn àlejò tí ó ń wọ Madīnah, àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú pàápàá. Bí ohùn ọmọ ilé-kéwú bá ní ìtumọ̀ nínú yíyan Kálífà, kò yẹ kí àgbà ọmọ ilé-kéwú òde òní rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ànábì kò fi ọjọ́-orí dènà ẹni tí ó yẹ. Usāmah ibn Zayd jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó tó nǹkan bí ọdún méjìdínlógún nígbà tí Ànábì fi í ṣe olórí ọmọ-ogun. ʿAttāb ibn Asīd ṣì wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí ó fi í ṣe gómìnà Mákà ní ọdún 8 Hijrah. ʿUmar náà a máa mú Ibn ʿAbbās wọ ìjókòó àwọn àgbà tí ó ja ogun Badr. Àwọn bàbá wa pẹ̀lú mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn Àtakò àti Èsì Wọn

Àtakò kìíní ni pé ìjọba àwa-ara-wa kò ti inú Ìsìláàmù wá, nítorí náà kíkópa nínú rẹ̀ jẹ́ hàráámù. Èsì rẹ̀ ni pé gbígbà pé ènìyàn ní àṣẹ láti yí òfin Ọlọ́hun padà yàtọ̀ sí lílo ọ̀nà kan láti yan ẹni tí yóò ṣe àkóso ọ̀nà, ọjà, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́. Ànábì Yūsuf (ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) béèrè fún àkóso ilé ìṣúra Íjíbítì (12:55), bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfin rẹ̀ ni ìjọba náà ń lò. Nàìjíríà ti rí ibi tí àtakò yìí lè gbé ọ̀dọ́ lọ. Sheikh Jaʿfar Mahmud Adam, tí wọ́n pa nínú mọ́sálásí rẹ̀ ní Kano ní 13 oṣù kẹrin ọdún 2007, tako àwọn tí ń kọ́ ọ̀dọ́ pé ìwé kíkà àti iṣẹ́ ìjọba jẹ́ hàráámù. Láti ọdún 2009, ìjà tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bí ti gba ẹ̀mí àìlóǹkà Mùsùlùmí ní Àríwá-Ìlà-oòrùn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sún ìdìbò 2015 láti 14 oṣù kejì sí 28 oṣù kẹta.

Àtakò kejì ni pé wọn kò ní ka ìbò wa. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, nítorí èrú ti wọ inú ìdìbò rí. Ṣùgbọ́n nínú òfin ẹ̀rí, bí adájọ́ bá kọ ẹ̀rí òdodo, ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn adájọ́. Ẹlẹ́rìí ti bọ́. Ẹlẹ́rìí tí kò wá rárá, nítorí ó rò pé adájọ́ yóò ṣègbè, kò ní ohun tí yóò fi gbè ara rẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, ibi tí ènìyàn bá ti pọ̀ ni ó máa ń nira jù láti yí èsì padà.

Àtakò kẹta ni pé kò sí ẹni rere nínú àwọn òǹdíje. Àwọn onímímọ̀ ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé bí ìpalára méjì bá pàdé, èyí tí ó fúyẹ́ ni kí a mú. Ẹ̀rí irú ìbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ẹni náà pé. Ohun tí ó ń sọ ni pé nínú àwọn tí ó wà nílẹ̀, òun ni ìpalára rẹ̀ kéré jù.

Àtakò kẹrin kan àwọn obìnrin. Ní ọdún 1976 ni àwọn obìnrin ìhà Àríwá tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, ìdìbò gbogbogbòò ọdún 1979 sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó. Ṣáájú ìdìbò 1983, Sheikh Abubakar Mahmud Gumi ti Kaduna (ó kú ní 1992) rọ àwọn ọkọ láti jẹ́ kí àwọn aya wọn forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì dìbò. Ọ̀rọ̀ yìí fa awuyewuye nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí hàn kedere: àwùjọ tí ó bá ti ìdajì àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ mọ́lé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ẹ̀rí rẹ̀ kù.

Ohun tí Í Máa Ba Ẹ̀rí Jẹ́

Rírọ ọ̀dọ́ láti jáde nìkan kò tó, nítorí ẹ̀rí èké wà nínú àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí Ànábì kà sí èyí tí ó tóbi jùlọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú hàdíìsì Abū Bakrah tí al-Bukhārī àti Muslim gbà wá. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kìlọ̀ lé lórí.

Èkíní ni fífi orúkọ ọmọdé sílẹ̀ àti fíforúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìforúkọsílẹ̀ tí ó wáyé láàrin ọdún 2021 sí 2022, àwọn tí ó parí rẹ̀ jẹ́ 12,298,944, ṣùgbọ́n INEC yọ 2,780,756 kúrò, nítorí pé wọ́n rí orúkọ tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tí kò tíì tó ọjọ́-orí, àti àwọn mìíràn tí kò yẹ. Nínú ọ̀nà Ìmáàmù Mālik, a kì í gba ẹ̀rí ọmọdé àyàfi nínú ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí ara wọn láàrin ara wọn. Ẹni tí ó bá mú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀, tí ó ní ó ti pé méjìdínlógún, ti kọ́ ọmọ náà ní irọ́ ṣáájú kí ó tó kọ́ ọ ní ìdìbò. Àǹfààní ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kankan kò sọ èyí di hàláàlì.

Èkejì ni títa ìbò. Ní ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Ọ̀ṣun ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ "dìbò kí o sebẹ̀" di ohun tí ó gba ìgboro kan. Àwọn onímọ̀ fiqh kì í gba ẹ̀rí ẹni tí ó ń fi ẹ̀rí rẹ̀ fa àǹfààní sí ara rẹ̀. Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tí ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ń gbà á. Ó sì ka ẹni tí ó bá olórí ṣe májẹ̀mú nítorí ohun ayé nìkan mọ́ àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìgbéǹde. Owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan kò tó ọdún mẹ́rin tí ìlú yóò fi jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni jíjẹ́rìí láìní ìmọ̀. Suuratu Zukhruf (43:86) so ẹ̀rí òdodo mọ́ ìmọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó dìbò nítorí pé òǹdíje jẹ́ ará ìlú rẹ̀, tàbí pé ó máa ń wá sí mọ́sálásí rẹ̀ nígbà ìpolongo, kò tíì wádìí. Òṣùwọ̀n méjì tí Suuratu Qaṣaṣ (28:26) mẹ́nu bà fún ẹni tí a fẹ́ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni agbára láti ṣe é àti ìfọkàntán. Ìwọ̀nyí ni kí ó máa béèrè.

Ojúṣe Àwọn Àáfà àti Ilé-kéwú

Iṣẹ́ àáfà kì í ṣe láti dárúkọ òǹdíje lórí mínbárì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò pín sáàfù ìrun sí méjì, yóò sì sọ ara rẹ̀ di alágbàwí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin ẹ̀rí, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láti jẹ́ ẹ. Lórí èyí, àwọn àbá wọ̀nyí wúlò:

1. Kí àwọn Lèmọ́mù máa fi ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ sínú kútùbà Jímọ̀ nígbàkúùgbà tí INEC bá ṣí ìwé, bí ó ti ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kí wọ́n má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdìbò.

2. Kí àwọn ilé-kéwú ran akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti pé ọdún méjìdínlógún lọ́wọ́ láti ní ìwé tí yóò fi ọjọ́-orí àti ẹni tí ó jẹ́ hàn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-kéwú ni kò ní ìwé ìbí.

3. Kí wọ́n rán àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ létí láti gba káàdì wọn, kí àwọn tí ó ti kó kúrò sì gbé orúkọ wọn lọ sí ibi tí wọ́n wà.

4. Kí àwọn olùkọ́ lo bāb ìjẹ́rìí inú ìwé fiqh tí wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀ láti ṣàlàyé ìbò, kí ó má dà bí ẹ̀kọ́ tuntun létí akẹ́kọ̀ọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ẹni tí ó bá gbà pé ẹ̀rí ni ìbò ti gba gbogbo òfin ẹ̀rí mọ́ ọn. Kò lè forúkọ sílẹ̀ tán kí ó jókòó sílé láìní àwáwí. Kò lè ta á. Kò lè fi orúkọ ẹni tí kò tó ọjọ́-orí sí i. Kò sì lè jẹ́ ẹ láìwádìí. Àmáánà ni ipò àṣẹ. Suuratu Nisāʾ (4:58) pàṣẹ kí a dá àmáánà padà fún àwọn tí ó ni í, Ànábì sì ṣàlàyé nínú hàdíìsì Abū Hurayrah tí al-Bukhārī gbà wá pé àmì pé àmáánà ti sọnù ni kí a fi ọ̀rọ̀ lé ẹni tí kò tó o lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá kùnà láti jẹ́rìí kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́ nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gorí àlééfà. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.